Ẹ̀rọ ìjórin oníwáyà: ààrò tó ń ṣọ́ ara rẹ̀

Ẹni tó bá ti fi ẹlẹ́kitiróòdù, ìyẹn ọ̀pá ìjórin, jórin rí mọ̀ pé ọwọ́ ló ni iṣẹ́ náà. Ọ̀pá ń jó, ó ń kúrú, ọwọ́ ní láti máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Bó bá sún mọ́ irin jù, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jìnnà jù, iná á kú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ àlàfo kékeré yẹn. Ẹ̀rọ oníwáyà gba ìṣòro àlàfo yìí kúrò lọ́wọ́ èèyàn, bó sì ṣe ń ṣe é ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra kékeré kan sílé kọ́kọ́ mọ̀.

Róólà inú ẹ̀rọ ń ti wáyà lọ sí ẹnu ìbọn, ìyẹn ohun tí ajórin ń dì mú lọ́wọ́. Ìwọ̀n eré kan náà ló fi ń tì í, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Kí wá ni kì í jẹ́ kí wáyà gún irin, tí iná kì í sì í jó wá bá ẹnu ìbọn? Fóltéèjì ni. Ẹ̀rọ yìí di fóltéèjì, agbára tó ń ti iná, mú síbì kan, ó fi ámpù, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, sílẹ̀ kó máa lọ sókè sódò. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n tí ìbọn gbéra, àlàfo á gùn, iná á ṣòro láti fò ó, ámpù á wálẹ̀, wáyà ò ní tètè yọ́ mọ́, títí á fi tún sún mọ́ irin bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ìbọn bá sún mọ́ irin jù, ámpù á ròkè, á jẹ wáyà kíákíá. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo ìyá alásè tó ń ro àmàlà níbi ìnáwó. Ọmọrógùn wà lọ́wọ́, kò ráyè wo ìdí ààrò. Ká ní ọmọdé kan ń ti igi bọ̀ ọ́ láìdáwọ́ dúró. Bí igi bá wọlé jù, iná á rù, á jẹ ẹ́. Bí igi bá sá sẹ́yìn, iná á rọlẹ̀, á dúró dè é. Ká ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ wà ni, àwọn alásè ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ èéfín tipẹ́, ọmọdé náà ì bá sì máa sùn níbi tó ti ń ti igi. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é fún ẹ̀rọ ìjórin o. Àwọn ti àtijọ́ onítiránsífọ́mà náà ń ṣe é.

Nítorí náà, nọ́bù tí wọ́n kọ eré wáyà sí, nọ́bù ámpù gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí nọ́bù fóltéèjì rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sàn ju èyí tó ní ìpele mẹ́rin péré lọ.

Ohun tó ń bí ni nínú ni nọ́ńbà gàgàrà ara páálí: 250, tí púlọ́ọ̀gì ámpù 13 sì wà nídìí rẹ̀! Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpù 13 lórí iná fóòtì 230 kò gbé ju wáàtì 2,990 lọ. Ámpù 250 ń fẹ́ nǹkan bíi fóòtì 26.5 lẹ́nu ìbọn, ìyẹn ju wáàtì 6,600 lọ. Níbo ni ìyókù ti fẹ́ wá? Ámpù 120 ní fóòtì 20 jẹ́ wáàtì 2,400. Téèyàn bá ro èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti kún dé ẹnu. Kò burú, nítorí ámpù 120 tó irin tó nípọn tó mílímítà 3, ọ̀pọ̀ páìpù géètì ilé ni kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní I pass my neighbour kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìta gbangba ni wọ́n sábà ń jórin nílé, atẹ́gùn sì máa ń gbá gáàsì tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lára irin yíyọ́ lọ. Wáyà mílímítà 0.8 tó ní lúbúlúbú nínú ló dáa níbẹ̀: lúbúlúbú náà ń jó di èéfín tó ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ojú tí wọ́n kọ − sí ni ìbọn ń wà fún un. Wáyà onígáàsì ló ń lo +. Ẹ̀rọ tí kò ṣeé pààrọ̀ méjèèjì, ojú kan ló máa rọ̀ mọ́ títí.

Bí wọ́n bá kọ 20% ní ámpù 120 sára rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ni ìsinmi. Wáyà olúbúlúbú máa ń fi èépá sílẹ̀ lórí irin. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ni wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n kúrò, tí wọ́n sì ń to irin tó kàn.