Kí ló dé tí kárọ́ọ̀tì ẹ̀yìnkùlé fi ń yọ ẹsẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè: Mo gbin kárọ́ọ̀tì sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbarà. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ nígbà tí mo fà á tu, ó pẹ̀ka bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kò sì gùn ju ìka lọ. Ṣé ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò gba kárọ́ọ̀tì ni?

Ìdáhùn: Ó gbà á o. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí kárọ́ọ̀tì bá hù ni ọ̀rọ̀ náà wà. Gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń sanra. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá kan òkúta tàbí ilẹ̀ líle, tó sì kú, ẹ̀gbẹ́ ni òmíràn yóò ti yọ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wá. Ìlú tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ kò sì lè ṣàìní òkúta: níbi púpọ̀, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ọkọ́ tó máa dún lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ẹ má gbìn ín sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ kọ ebè tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi asẹ́ àwọn bíríkìlà sẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀, kí ẹ po yanrìn àti ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Àpò ìrẹsì tí ẹ dá ihò sí nídìí náà dára.

Ṣùgbọ́n ewé tó tutù bẹ́ẹ̀ ń mú mi fura sí ìgbẹ́ adìyẹ tútù. Kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, a sì ń dà á sórí ohun gbogbo. Ó bá tẹ̀tẹ̀ mu, torí ewé la fẹ́ lára tẹ̀tẹ̀. Kárọ́ọ̀tì tó bá jẹ ẹ́ yóò kó agbára rẹ̀ sí ewé, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì pẹ̀ka.

Bó bá jẹ́ kókó kéékèèké lẹ rí lára gbòǹgbò, aràn tíntìntín inú ilẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ràn ilá àti tòmátò, nítorí náà ẹ má gbin kárọ́ọ̀tì sí ojú ibi tí wọ́n ti kúrò.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ ká gbìn ín?

Ìdáhùn: Láti ìparí Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ lè bá a lórí ebè. Ibi tó tutù, láàárín 15°C sí 21°C, ló wù ú jù. Àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya tí kárọ́ọ̀tì wọn ń dé ọjà Kútọ̀ pàápàá, ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń lò. Ọ̀sán tiwa ṣì máa ń gbóná, ẹ ra irú tó lè fara da ooru, bíi Kuroda, tàbí Chantenay, tó kúrú tó sì sanra. Bí tiyín kò bá pọ́n tó ti Jọs, ooru ló fà á.

Ìbéèrè: Mo fún irúgbìn, kò hù.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ó ti jìn jù, tàbí kí ojú ilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ po irúgbìn mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù, ẹ fún un sójú ìlà tí kò jìn ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí èyí tó kọ́kọ́ hù, ẹ ká àpò náà kúrò. Ẹ má tú u gbìn síbòmíràn bíi tòmátò o. Ṣóńṣó rẹ̀ á ṣẹ́. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ fa àwọn kan tu kí èyí tó kù lè fi 5 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó fà?

Ìdáhùn: Láàárín 70 sí 100 ọjọ́. Ẹ fi ìka gbọ́n erùpẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bó bá ti fẹ̀ tó 2 sẹ̀ǹtímítà, ó tó. Bí àwọ̀ ọrùn náà bá ti ń dà bí ti ewé, oòrùn ló rí i, ó sì lè korò. Ẹ wa erùpẹ̀ bo àwọn tó kù. Ẹ bomi rin ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní òwúrọ̀, ẹ di ewé mú nítòsí ọrùn, ẹ mì ín díẹ̀, kí ẹ fà á sókè gbọnrangandan. Ẹ gé ewé kúrò lójú ẹsẹ̀, torí yóò máa fa omi ara kárọ́ọ̀tì títí yóò fi rọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi díẹ̀ sílẹ̀ kó so irúgbìn?

Ìdáhùn: Rárá. Ó nílò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ òtútù kó tó yọ òdòdó, a kò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ra tuntun. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó, torí irúgbìn kárọ́ọ̀tì kì í pẹ́ bàjẹ́, pàápàá bó bá ti pẹ́ nínú ooru ṣọ́ọ̀bù.