Ṣé ẹni tí adájọ́ rán lọ ṣe iṣẹ́ ìlú ti mórí bọ́ lọ́wọ́ ìyà?

Bí ilé-ẹjọ́ Májísíréètì kan ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ bá dájọ́ pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jí iṣu lóko olóko lọ máa gbá ọjà, kí ó sì máa kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà fún oṣù mélòó kan, ìyẹn ìdájọ́ iṣẹ́ ìlú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti dá olè sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní adájọ́ ti gba rìbá, àwọn mìíràn yóò ní òfin òyìnbó ni, kò mọ bí olè ṣe ń dun àgbẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ̀wọ̀n nìkan ni ìyà, àti pé ẹni tí kò bá wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò tíì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò bá ohun tí òfin wí mu rárá.

Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn láti 2014. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ní Abújá, tẹ̀ lé e ní 2015. Ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, tó sì pín in sí ẹ̀ka méjì: ọ̀kan ń tọ́jú àwọn tó wà ní àhámọ́, èkejì ń bójú tó àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jìyà wọn láàárín ìlú. Lábẹ́ ẹ̀ka kejì yìí ni iṣẹ́ ìlú wà, pẹ̀lú wíwà lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ṣáájú ọjọ́ lábẹ́ àdéhùn, àti ìjókòó ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kí ọ̀rọ̀ tó kan iṣẹ́ ìlú rárá, ilé-ẹjọ́ ti ní láti dá ẹni náà lẹ́bi. Ìdálẹ́bi náà kò parẹ́ nítorí pé kò sùn ní àhámọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sọ pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 6, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́. Ó sọ irú iṣẹ́ tí ó lè jẹ́, bíi gígé koríko, fífọ gọ́tà, títún àyíká ṣe àti iṣẹ́ oko. Ó sì ní kí ó jẹ́ nítòsí ibi tí ẹni náà ń gbé. Òṣìṣẹ́ kan ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹnìkan, bóyá ìbátan rẹ̀ tàbí ẹni tó tó gbára lé, yóò ṣe onídùúró fún un, tí ó bá sì sá, onídùúró ni ilé-ẹjọ́ yóò bi. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ náà yóò padà síwájú adájọ́, ẹ̀wọ̀n sì lè jẹ́ ìpín rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí yóò pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìdásílẹ̀ bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n ní kó wá gbá Ọjà Ọba ní ojú àwọn tó mọ ìyá rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni pé àwọn ènìyàn rò pé adigunjalè náà lè gba irú ìdájọ́ yìí. Òfin 2015 yọ ẹni tó lo ohun ìjà kúrò, ó yọ ẹni tó ṣẹ̀ nípa ìbálòpọ̀ kúrò, ó sì yọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ju ọdún 3 lọ kúrò. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù jogún, ọdún 3 gan-an ni olè jíjà lásán. Èkìtì tó ń kọ orúkọ àwọn afipábánilòpọ̀ sílẹ̀, tó sì ń gbé àwòrán wọn jáde kí ayé lè rí wọn, kò ní ìdí láti bẹ̀rù pé irú wọn ni yóò máa gé koríko ní ìta ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ìbínú tó yẹ kó lọ síbòmíràn ló sì ń bọ́ sórí iṣẹ́ ìlú. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Abújá ní kí ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìjọba, tó gbà pé òun lọ́wọ́ nínú jíjí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2 tàbí kí ó san ₦750,000. Ó sanwó, ó sì lọ sílé. Owó ìtanràn nìyẹn, àpò ni wọ́n fi ń san án. A kì í fi àpò gbá ọjà.

Ohun tí ẹ̀wọ̀n ń ṣe fún olóko tí wọ́n jí iṣu rẹ̀ ni kí a wá wò dáadáa. Bí wọ́n bá rán olè náà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ọ̀nà Afao ní Adó-Èkìtì fún oṣù 6, iṣu kò padà, owó iṣu kò wọlé. Ìjọba ni yóò máa bọ́ ọ láti inú owó ìlú, ìyá rẹ̀ yóò máa gbé oúnjẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ọmọkùnrin náà yóò sì bá àwọn tó gbówó lórí nínú olè jíjà gbé. Àwọn ará Adó kò tíì gbàgbé òru 30 oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà náà tí àwọn tó lé ní 300 sì sá jáde. Ẹ̀rù tí ìyẹn dá sílẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa kó olè iṣu pọ̀ mọ́ ẹni tí agbébọn lè wá tú sílẹ̀. Ní ìdàkejì, adájọ́ lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ san àsanpadà fún ẹni tí a ṣẹ̀, ẹni tó sì ń sùn nílé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ló lè rí owó náà san. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì títí di òní, bí ọ̀rọ̀ oko bá dé iwájú baálé tàbí olóyè, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí olóko yóò ṣe rí nǹkan rẹ̀ gbà, lẹ́yìn náà ni a tó ń sọ̀rọ̀ ìyà.

Ní ti pé òfin òyìnbó ni, òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n Zimbabwe ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Kenya ṣe òfin rẹ̀ ní 1998, Uganda ní 2000. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe lemọ́lemọ́ fi hàn pé àwọn tó jìyà wọn láàárín ìlú, tí iṣẹ́ ìlú wà lára rẹ̀, kì í padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ tó àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n kúkúrú fún irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní iṣẹ́ ìyanu, àmọ́ ẹ̀wọ̀n kúkúrú kọ́ ló borí nínú ìwádìí náà.

Ẹ̀rù kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: kí ẹni tí wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ máà yọjú, kí ẹnìkan sì máa buwọ́ lùwé fún un. Níbi tí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn kò bá pọ̀, tí kò sì rí owó ọkọ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àìsí ìṣọ́ ló jẹ́ àìsàn, kì í ṣe ìdájọ́ náà. Láti 2023 tí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣòfin lórí àtúnṣe ìwà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì náà ti ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì lè pèsè owó fún àwọn òṣìṣẹ́ náà kí ó sì ní kí wọ́n máa lẹ orúkọ ibi iṣẹ́ àti wákàtí iṣẹ́ mọ́ ara ilé-ẹjọ́, kí ẹni tí wọ́n jí iṣu rẹ̀ lè lọ wò fúnra rẹ̀ bóyá olè náà wá lónìí.