Bí irinṣẹ́ dátábéésì ṣe ń kọ SQL, àti àwọn àṣìṣe tí kì í pariwo

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Èkìtì ní tábìlì tí wọ́n pè ní koko. Àwọn kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ ni agbe, ibile, apo, iwuwo, owo, gbese àti idinku. Ẹni tó fẹ́ mọ iye kòkó tó wọlé láti Ẹmùré lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéésì (ibi ìtọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà), pé SELECT sum(iwuwo) FROM koko WHERE ibile = 'Emure', ó tán. Àmọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í béèrè ohun kan ṣoṣo. Lónìí á yan ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, lọ́la á ní àwọn tó jẹ gbèsè nìkan lòun fẹ́ rí, lọ́tùn-únla á ní kí wọ́n tò wọ́n bí ìwúwo ṣe pọ̀ sí. Ẹni tó bá ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ láti fi kọ gbogbo èyí kò ní pẹ́ ṣi àkámọ́, ìyẹn àmì ( ), fi, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún olè. Iṣẹ́ yìí ni irinṣẹ́ bíi SQLAlchemy ń gbà ṣe. Mike Bayer ló gbé e jáde ní 2006 fún èdè Python, òun la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù níhìn-ín.

Ohun tí ètò béèrè kì í di SQL lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ di igi: àmì ìdọ́gba ní ìdí igi, kọ́lọ́ọ̀mù ibile lẹ́ka kan, iye tí wọ́n ń wá lẹ́ka kejì. Lẹ́yìn náà ni atúmọ̀, ìyẹn apá irinṣẹ́ tó ń sọ igi di SQL, á rin igi yìí já, tí á máa kọ SQL bó ṣe ń lọ. Iye gan-an kò sí nínú SQL tó kọ. Àyè ló ń fi sílẹ̀ fún un, bíi WHERE ibile = %s tàbí WHERE ibile = ?, iye á sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí dátábéésì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó tẹ DROP TABLE, àṣẹ tó ń pa tábìlì rẹ́, sínú àpótí ìwákiri kò fi rí nǹkan kan bàjẹ́.

SQL ní ẹ̀ka-èdè bí Yorùbá ṣe ní: ará Ìkọ̀lé àti ará Ọ̀yọ́ á gbọ́ra wọn yé, síbẹ̀ wọn ò ní sọ gbogbo nǹkan bákan náà. Láti mú ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn dátábéésì bíi PostgreSQL, MySQL àti SQLite á ní LIMIT 10. SQL Server á ní TOP 10, tàbí OFFSET pẹ̀lú FETCH láti ẹ̀dà 2012, kò sì ní gba OFFSET bí ORDER BY kò bá sí níbẹ̀. ROWNUM ni Oracle ń lò kó tó gba FETCH FIRST ní ẹ̀dà 12c. Igi kan, atúmọ̀ púpọ̀. Nítorí náà àtúnṣe tó wọ ọ̀dọ̀ atúmọ̀ kan lè má kan èkejì rárá.

Bí SQL kan kò bá bófin mu, dátábéésì á kọ̀ ọ́, ariwo á sọ, wọ́n á sì tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ni SQL tó bófin mu, tó sáré dáadáa, tó mú èsì wá, tí èsì ọ̀hún sì jẹ́ irọ́. Ibẹ̀ ni àwọn àtúnṣe tó níye lórí jù máa ń wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré ni wọ́n máa ń gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe.

Ẹ wo àkámọ́. Owó àgbẹ̀ kan jẹ́ ₦50,000, ó jẹ gbèsè ₦20,000, ẹgbẹ́ sì ti dín ₦5,000 kù nínú gbèsè náà. Ohun tó yẹ kó gbà ni owo - (gbese - idinku), ìyẹn ₦35,000. Bí atúmọ̀ bá kọ ọ́ ní owo - gbese - idinku, ₦25,000 ni yóò gbà, kò sì sí ohun tó máa sọ fún dátábéésì pé ₦10,000 ti rìn. Igi kò ní àkámọ́ nínú ara rẹ̀, ìrísí rẹ̀ ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣáájú. Atúmọ̀ ló gbọ́dọ̀ wo tábìlì ipò àwọn àmì kó tó pinnu ibi tí àkámọ́ pọn dandan sí. Ìròpọ̀ kò bìkítà bóyá àkámọ́ wà tàbí kò sí, ìyọkúrò àti pínpín bìkítà gidigidi. AND sì ń di ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin ju OR lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi àmì tuntun kún irinṣẹ́, bí irú èyí tí PostgreSQL fi ń wọ inú JSON (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to dátà), tí wọ́n sì ṣi ipò fún un, irú àṣìṣe yìí á tún yọjú. Àtúnṣe tó dára níbẹ̀ ni kí atúmọ̀ fi àkámọ́ sí i níbikíbi tí iyèméjì bá wà. Àkámọ́ àpọ̀jù ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Pínpín náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Kílò 125 tó wà nínú àpò 2, PostgreSQL, SQLite àti SQL Server á sọ pé 62 ni àpò kọ̀ọ̀kan bí kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì bá jẹ́ nọ́ńbà odindi. MySQL á sọ pé 62.5. Láti ẹ̀dà 2.0 tó jáde ní 2023, SQLAlchemy ti mú kí àmì / máa fún ni ní ìdajì náà níbi gbogbo: ó ń fi CAST sọ nọ́ńbà kejì di NUMERIC (nọ́ńbà tó lè ní ìdá) fún PostgreSQL, ó sì ń fi 0.0 kún un fún SQLite. Ẹni tó fẹ́ odindi nìkan ní àmì //. Ètò àtijọ́ tó ti ń gbára lé 62 gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nígbà tó bá ń gòkè sí ẹ̀dà náà.

Ọ̀rọ̀ IN, tó ń béèrè bóyá iye kan wà nínú àtòkọ, ti gba àtúnṣe púpọ̀, ó sì tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí akọ̀wé kò bá yan ìjọba ìbílẹ̀ kankan, ibile IN () ni yóò jáde. PostgreSQL àti MySQL kò gbà á, SQLite gbà á. Láyé àtijọ́, SQLAlchemy máa ń fi ibile != ibile rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Èyí ń mú kí dátábéésì wo gbogbo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Lórí tábìlì ńlá, ìyà ni. Nísinsìnyí, ibile IN (NULL) AND (1 != 1) ló ń kọ (NULL ni àyè tí kò sí iye nínú rẹ̀), èyí tí dátábéésì lè já sí òfo kó tó dé orí ìlà kankan. Fún NOT IN, ibile NOT IN (NULL) OR (1 = 1) ni. Ó jọ àwàdà, àmọ́ gbogbo ẹ̀ka-èdè ló gbà á.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ IN tún fi wà nínú SQL tuntun yìí? Nítorí pé rírin igi já ń gba àkókò. Láti ẹ̀dà 1.4 tó jáde ní 2021, irinṣẹ́ náà ń tọ́jú SQL tó ti kọ síbi ìpamọ́ kan, 500 ni ìwọ̀n rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Kókó tó fi ń dá gbólóhùn mọ̀ jẹ́ ìrísí igi, kì í ṣe iye. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n yàn o, gbogbo 16 tó wà ní Èkìtì ni o, òfo ni o, gbólóhùn kan náà ló yẹ kó jáde láti ibi ìpamọ́, kí wọ́n wá fẹ àyè IN bí iye ṣe pọ̀ tó nígbà tó bá kù díẹ̀ kó lọ. Ìpamọ́ yìí náà ti mú àṣìṣe tirẹ̀ wá: bí ohun kan bá ń yí SQL padà tí kò sì sí nínú kókó, ìbéèrè kejì á gba SQL ti àkọ́kọ́. Ẹni tó dá irú kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ tó kàn kọ cache_ok = True (ìyẹn pé ó ṣeé fi pamọ́) kí ìkìlọ̀ lè dákẹ́, láìyẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, ló sábà máa ń kó sí èyí.

Ohun kan wà tí irinṣẹ́ kò lè tún ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń wá àgbẹ̀ tí kò tíì gbowó, tí wọ́n kọ agbe NOT IN (SELECT agbe FROM isanwo), tí ìlà kan ṣoṣo nínú isanwo sì ní NULL, èsì á ṣófo pátápátá, bí ẹni pé gbogbo ayé ti gbowó. Òfin SQL ló sọ bẹ́ẹ̀. NOT EXISTS ni kí wọ́n lò.

Orúkọ ni ibi tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. PostgreSQL kì í gba orúkọ tó ju báìtì 63 lọ. Báìtì ni o, ìyẹn ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lẹ́tà. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà, ẹ jẹ́ báìtì 3, ẹ́ jẹ́ 5, nítorí náà ẹgbẹ́ tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin péré gba báìtì 10. Kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n pè ní orúkọ_ẹgbẹ́_àgbẹ̀_alájẹṣẹ́kù_ìkéré_èkìtì kò ju lẹ́tà 37 lọ, síbẹ̀ báìtì 67 ni. PostgreSQL á gé e, á kù sí _èk níparí, ìfitónilétí kékeré kan ni yóò sì fi tẹ̀lé e. Irinṣẹ́ tó bá ń ka lẹ́tà dípò báìtì á jẹ́ kó kọjá. Gbogbo nǹkan á dà bí ẹni ń ṣiṣẹ́, torí pé bákan náà ni wọ́n ń gé orúkọ nígbà kíkọ àti nígbà kíkà. Wàhálà á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ tó gùn wá èsì tó padà wá pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n gé, tàbí nígbà tí ètò tó ń fi tábìlì wé kòòdù bá sọ pé kọ́lọ́ọ̀mù kan sọnù, tó sì fẹ́ dá òmíràn.

Èyí tó tún burú ju gígùn lọ ni pé ì lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ i pẹ̀lú ohùn tí wọ́n gbé lé e lórí. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú PostgreSQL, orúkọ méjì ni. Bí ẹ̀rọ kan bá dá kọ́lọ́ọ̀mù ìwúwo ní ọ̀nà kìíní, tí fóònù ẹlòmíràn sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, dátábéésì á sọ pé kò sí kọ́lọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, èèyàn á sì jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀nà tó dára jù ni kí orúkọ tábìlì àti kọ́lọ́ọ̀mù wà láìlámì, kí ohùn wà nínú iye, kí wọ́n sì sọ gbogbo iye di ìrísí NFC, tó ń so lẹ́tà àti ohùn rẹ̀ pọ̀ di àmì kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó tó wọlé.

LIKE, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá ohun tó bá àpẹẹrẹ kan mu, náà ní ìdẹkùn fún Èkìtì. Lójú rẹ̀, àmì % túmọ̀ sí ohunkóhun, _ sì túmọ̀ sí lẹ́tà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ wá àwọn àmì yìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí, wọ́n á fi àmì ìdáàbòbò ṣáájú, èyí tí SQLAlchemy sì ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn ni /. Ẹ wá wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: Ise/Orun, Irepodun/Ifelodun. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ escape="/" tó sì wá Ise/Orun á rí i pé PostgreSQL gbé / mì, IseOrun ló ń wá, kò sì sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. autoescape=True ń sọ / di // fúnra rẹ̀, òun ni kí wọ́n lò.

Kíkó ìlà púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ní òté tirẹ̀. SQL Server kì í gbà ju àyè 2100 lọ nínú gbólóhùn kan, PostgreSQL kì í gbà ju 65535. SQLite ń gba 32766 láti ẹ̀dà 3.32.0, 999 ni tẹ́lẹ̀. Bí ìlà kan bá ní kọ́lọ́ọ̀mù 5, ìlà 400 ti jẹ 2000 nínú 2100 ti SQL Server, nítorí náà irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ pín ẹrù náà sí ìdì. Ẹ̀dà 2.0 SQLAlchemy ń ṣe èyí, ó sì ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun padà lọ́wọ́ dátábéésì. Àmọ́ SQL Server kò ṣèlérí pé bí ìlà ṣe wọlé ni nọ́ńbà á ṣe tò padà. Èyí túmọ̀ sí pé nọ́ńbà àgbẹ̀ Ìjerò lè bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ Ọ̀tùn, láìsí ẹnikẹ́ni tó fura títí di ọjọ́ ìsanwó. Wọ́n pa ọ̀nà náà tì fún SQL Server ní 2.0.9, wọ́n sì dá a padà ní 2.0.10 pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ kí wọ́n so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìlà tó ni ín.

Ẹni tó bá fura sí SQL kan, kó tẹ̀ ẹ́ jáde. str(stmt) nìkan kò tó: ẹ̀ka-èdè gbogboogbò ló ń kọ, ó lè dára níbẹ̀ kó sì bàjẹ́ ní PostgreSQL. stmt.compile(dialect=postgresql.dialect()) ló ń fi ojúlówó hàn, echo=True sì ń fi ohun tó lọ gan-an àti iye tó bá a lọ hàn. literal_binds ń fi iye sínú SQL kí ojú lè rí i. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi èyí ránṣẹ́ sí dátábéésì pẹ̀lú ohun tí oníbàárà tẹ̀. Bí àṣìṣe bá dájú, wọ́n á ké e kúrú sí tábìlì kan àti gbólóhùn kan, wọ́n á kọ ìdánwò tó ń sọ ohun tó yẹ kí SQL jẹ́ lọ́rọ̀ sí ọ̀rọ̀, wọ́n á rí i kó kùnà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan atúmọ̀. Ìdánwò kejì á sáré lórí dátábéésì gidi, torí pé SQL tó rí bó ṣe yẹ lè mú iye tí kò yẹ wá.

Nígbà tí ètò bá fẹ́ gòkè sí ẹ̀dà tuntun, kí wọ́n kó gbogbo SQL tó ń kọ sínú fáìlì pẹ̀lú ẹ̀dà àtijọ́, kí wọ́n tún kó o pẹ̀lú tuntun, kí wọ́n fi diff, irinṣẹ́ tó ń fi ìyàtọ̀ fáìlì méjì hàn, wé wọn. Ibi tí ó jẹ́ àkámọ́ ló kàn pọ̀ sí i kò le. Ibi tí pínpín, NULL, IN tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti yí padà ni kí wọ́n sáré rẹ̀ lórí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá, kí wọ́n sì fi àròpọ̀ owó wé èyí tí akapò ti buwọ́ lù.