Ohun tí clownfish ń jà lé lórí nínú àpótí dígí

Ìmọ̀ràn kan wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sin ẹja omi iyọ̀, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ ju bó ṣe ń tún un ṣe lọ. Wọ́n á ní bí clownfish (ẹja òkun kékeré tó sábà máa ń ní ilà funfun lára) tó tóbi bá ń gé kékeré jẹ, kí wọ́n yọ ńlá náà kúrò, kí wọ́n ra òmíràn tó tutù sí i. Lóòótọ́, ara á tu gbogbo wọn fúngbà díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí èyí tí wọ́n ń gé jẹ tẹ́lẹ̀ á fi di ẹni tó ń gé àlejò jẹ, ìjà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ipò ni ìjà náà wà fún. Ẹja tó bá ti bọ́ sí ipò náà ni yóò máa jà nítorí rẹ̀, bó ti wù kó tutù tó nígbà tí wọ́n rà á.

Nínú òkun, agbo clownfish kan a máa gbé inú anemone kan, ìyẹn ẹran òkun rírọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ tó pọ̀ máa ń ta ẹja mìíràn, wọn kì í sì í rìn jìnnà sí i. Abo kan ṣoṣo ló ń wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń tóbi jù. Akọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá wà, kéré jura wọn lọ, wọn kì í sì í bímọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ abo látilẹ̀wá. Lọ́dún 1977, Hans Fricke àti Simone Fricke ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature pé bí abo bá kú, akọ rẹ̀ ló máa yí padà di abo, èyí tó tóbi jù nínú àwọn kéékèèké á sì di akọ. Ìyípadà yìí kò ní àbọ̀. Ẹja tó bá ti di abo, abo ni yóò jẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ibi tí ètò yìí ti yani lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ìdàgbà. Peter Buston ṣe ìwádìí lórí clownfish percula ní Papua New Guinea, Nature sì gbé e jáde lọ́dún 2003. Ó rí i pé ẹja kọ̀ọ̀kan máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gùn ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ, àti pé èyí tó kéré fúnra rẹ̀ ló ń dẹwọ́ ìdàgbà kí àlàfo náà má bàa parẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi wé àkàbà tí igi kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò gbà ju ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń wo gìgísẹ̀ ẹni tó wà lókè, ó sì ń ṣọ́ra kí orí òun má kàn án, torí tó bá kàn án, ìpá ló máa fi gbà á, á sì já bọ́. Nínú òkun, ẹni tó já bọ́ á bá ara rẹ̀ lóde anemone, níbi tí àwọn ẹja ńlá ti ń wá oúnjẹ kiri. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí ẹni tó ń ṣe àṣejù. Nínú àpótí dígí, inú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn ni àkàbà yìí wà. Ẹni tó já bọ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ àkàbà, ẹni tó ta á nípàá ṣì ń rí i, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá a níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ètò tó gbọ́n ni fún ẹja tí ìrìn àjò lè pa. Àwa la gba ọ̀nà ìsá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ra clownfish ńlá méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè rò pé òun ti ra tọkọtaya. Ó lè jẹ́ abo méjì ló rà, kò sì sí èyí tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn. Wọ́n lè jà títí ọ̀kan á fi kú. Bó bá jẹ́ akọ méjì ni, wọ́n á ṣì jà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ojútùú: èyí tó borí á bẹ̀rẹ̀ sí í di abo. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 láti Yunifásítì Illinois lórí irú clownfish tí wọ́n ń pè ní ocellaris fi hàn pé ọpọlọ ẹja náà ti máa ń di ti abo kí ẹ̀yà ara tó ń ṣe ẹyin tó yí rárá. Abájọ tí ẹja tí kò yé ẹyin kankan rí fi ń ṣe bí ọ̀gá.

Àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì kà. Bí kékeré bá pàdé ńlá, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ nínú omi bí ẹni tí gìrì mú. Ẹni tó ń wò ó, àyà rẹ̀ á já, á sáré yà wọ́n nípá. Ó ṣeni láàánú, torí ohun tó dáa jù lọ ló ń ṣẹlẹ̀ yẹn. Gbígbọ̀n yìí ni kékeré fi ń sọ pé òun mọ ipò òun. Bí ńlá bá gbà, á gé e fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó lé e díẹ̀, á sì padà sẹ́nu ọ̀ràn ara rẹ̀. Èyí tó yẹ kó dani láàmú ni kékeré tó kọ̀ tí kò gbọ̀n, tàbí èyí tó ń gbọ̀n tí ńlá kò sì dẹ́kun. Lẹbẹ tó fà ya, ìpẹ́ tó ṣí, ẹja tó há sí igun òkè omi lójú ọ̀sán tí kò wá jẹun: ìgbà yẹn ni kí a yà wọ́n. (Lóru, igun òkè lè jẹ́ ibi tó ń sùn lásán.)

Nítorí náà, àlàfo ìtóbi tó wà láàárín wọn ni ká tún ṣe, ká fi ńlá sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó ní ńlá kan tẹ́lẹ̀, ọmọdé tó kéré sí i dáadáa ni kó wá fún un. Ká kọ́kọ́ fi àlejò náà sínú àpótí oníhò kékeré nínú omi kan náà, kí wọ́n máa rí ara wọn láìgéra wọn jẹ, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ojú ńlá la máa wò. Bó bá ń fi orí gbá àpótí náà látàárọ̀ dalẹ́, kò tíì tó àsìkò. Bó bá ń kọjá láìkà á sí, tàbí tó ń wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a lè tú àlejò sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ká pa iná. Yíyí òkúta díẹ̀ padà ṣáájú ìgbà náà máa ń ran nǹkan lọ́wọ́, torí ńlá náà kò ní mọ ibi tí ààlà rẹ̀ wà mọ́. Ocellaris àti percula ló rọrùn jù. Abo irú clownfish tí wọ́n ń pè ní maroon lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó sì lè pa akọ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Tirẹ̀ gba sùúrù gan-an.

Méjì ló tó fún ọ̀pọ̀ àpótí dígí inú ilé. Àwọn kan máa ń kó ọmọdé mẹ́fà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì máa rìn pọ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí méjì bá di tọkọtaya, àwọn yòókù á di ẹni àlékiri. Ẹja irú mìíràn ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí clownfish wá gbẹ̀yìn, pàápàá àwọn tó ń jà gidi bíi maroon àti tomato. Ojú wọn sì tún mú. Lọ́dún 2024, Kina Hayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Okinawa, Japan, rí i pé ocellaris máa ń gbógun jù ti ẹja tó bá ní ilà funfun mẹ́ta bíi tirẹ̀. Àlejò tó jọ wọ́n ló máa jìyà jù.

Tí wọ́n bá ti yé ẹyin, ìbínú náà á gba ọ̀nà tuntun, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn ló sì máa ń forí fá a. Akọ á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin lórí òkúta, abo á máa ṣọ́ àyíká, á sì gé ọwọ́ jẹ láìbẹ̀rù. Ẹyin máa ń pa láàárín ọjọ́ 6 sí 10, bí omi bá ṣe gbóná sí, òru ló sì sábà máa ń pa. Gbogbo iṣẹ́ tó wà ní igun yẹn ló lè dúró títí di ìgbà náà. Èyí tí kò bá ṣeé dá dúró, ká fi ẹ̀mú gígùn ṣe é, ká wọ ìbọ̀wọ́, tàbí ká fi àpótí oníhò dá abo dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká ṣe iṣẹ́ náà kíá, ká sì tú u sílẹ̀ padà sídìí ẹyin rẹ̀.