Ohun tó wúwo kì í ṣàdédé dúró

Obìnrin kan gbé fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sùúrùlérè. Ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe é. Kò bínú, ó kàn ní kí n bá òun wò ó. Orúkọ màmá náà já wọlé láti apá òsì, ó sì dúró gbagidi láàárín. Fọ́tò wọn náà ń sún mọ́ni, ó ń dúró lójijì, òmíràn á tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ̀dá," ó ní, "kí ló ń ta màmá mi jìgìjìgì báyìí?"

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà dára, àwọ̀ dára, orin bá a mu. Ìrìn nìkan ni kò dára. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀, ó fi àmì sí ìparí, ó sì fi gbogbo àárín sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Àmì yẹn là ń pè ní keyframe. Ẹ ó sọ fún áàpù pé ibí ni kí orúkọ yìí wà báyìí, ọ̀hún ni kó wà tó bá yá, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ibi tó yẹ kó kàn láàárín méjèèjì. Tí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, dọ́gba-dọ́gba ló sábà máa ń pín in. Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ojú fídíò HD fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, àárín rẹ̀ sì jẹ́ 960. Ká ní orúkọ kan ń bọ̀ láti ìta, píksẹ́lì 400 sí ẹ̀yìn etí òsì. Títí dé àárín, ìrìn píksẹ́lì 1360 nìyẹn. Tí ẹ bá fún un ní fírémù 20, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn di fídíò, píksẹ́lì 68 ni yóò máa rìn ní fírémù kọ̀ọ̀kan láìyí padà, lẹ́yìn náà òdo. Ohun tó ń ti orí 68 bọ́ sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà láyé yìí ni mọ́tò tó kọlu ògiri.

Ojú wa ti mọ ìwúwo kí á tó mọ̀wé. Ẹ dúró ní Ojúẹlẹ́gba kí ẹ wo dánfó tó ń jáde: ó máa ń fà díẹ̀díẹ̀, kọ́ńdọ́ ṣì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó gbéra. Tó bá fẹ́ dúró, iwájú rẹ̀ á tẹ̀, àwọn èrò á fì síwájú, wọn á sì padà sẹ́yìn. Tàbí kí ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Makoko, kí ẹ wo ọmọ tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ ojú omi. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yọ síwájú, omi sì ń gba eré lára rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Mo máa ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ wò ó kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan keyframe. Wọ́n máa ń rò pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣòfò ọjọ́ ni, títí wọn á fi padà dé.

Ohun tí ẹ ó fi dá ìwúwo yẹn padà ni ìlà tó tẹ̀. Inú ohun tí wọ́n ń pè ní graph ló wà. Ìlà títọ́ túmọ̀ sí pé eré kò yí padà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà S, orúkọ wa yẹn á rìn bíi píksẹ́lì 10 ní fírémù àkọ́kọ́, bíi 100 láàárín, á sì tún padà sí 10 ní ìkẹyìn. Ọ̀nà kò gùn sí i, fírémù kò pọ̀ sí i. Inú iṣẹ́ mọ́tò gan-an ni ìlà yìí ti wá: Pierre Bézier, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ di mímọ̀ láwọn ọdún 1960, nígbà tó ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ya ara mọ́tò. Orúkọ rẹ̀ lẹ ń rí tí áàpù bá kọ Bezier síbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn áàpù tí a fi ń ṣe fídíò nìyí. Ní After Effects, ẹ yan keyframe kí ẹ tẹ F9. Ní Premiere àti DaVinci Resolve, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ keyframe náà. Ní CapCut, ẹ dúró sáàárín keyframe méjì kí ẹ wá Graphs. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Ní After Effects àti Premiere, Ease In ni pé kí nǹkan rọra dé sí keyframe náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, ease-in ni pé kó rọra gbéra. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ òdìkejì, ó sì ti gba òru lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ìlà ṣe tẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ F9 á fi tẹ gbogbo nǹkan. Orúkọ tó ń ti ìta wọlé kò nílò S. Ìta ni yóò ti lo apá tó ń rọra, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, ohun tí òǹwòran á rí ni pé ó pẹ́ kó tó dé. Ìrìn ọkọ̀ Makoko ló yẹ ẹ́: eré ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrọra ní ìparí. Tó bá ń jáde lọ, ẹ yí i padà: kó rọra gbéra, kó sì sáré jáde.

Lórí fídíò òde ìgbéyàwó, mo máa ń fi kékeré kún un. Ẹ wo ọkùnrin tó wọ agbádá: tó bá dúró, apá agbádá kì í bá a dúró, á kọjá díẹ̀ kó tó padà wálẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kí orúkọ ìyàwó kọjá ibi tó ń lọ ní píksẹ́lì 20 tàbí 30, kó sì padà láàárín fírémù márùn-ún. Ó ń mú ara yá. Mi ò jẹ́ ṣe é fún orúkọ olóògbé láé. Orúkọ ẹni tó ti lọ kì í fò.

Fọ́tò tó ń sún mọ́ni díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, níbẹ̀ ni mo sì ti máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn. Tí fọ́tò kan bá ń yọ́ wọ inú òmíràn, ìlà títọ́ ni mo máa ń lò. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fọ́tò á ti dúró pátá kí èyí tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìdúró yẹn sì wà lára ohun tó ń ta màmá yẹn jìgìjìgì. Mo tún un ṣe kó máa tóbi láti ìdá 100 sí 106 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú-àáyá méje fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìrìn náà kò sì dáwọ́ dúró títí fọ́tò fi pòórá. Ẹ rí i pé fọ́tò náà fẹ̀ ju píksẹ́lì 2035 lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa ṣe bàìbàì bó ṣe ń tóbi. Fún sísúnmọ́ ńlá, ìlà títọ́ kò dára: láti 100 sí 200, àwòrán di ìlọ́po méjì, láti 200 sí 300, ìdajì ara rẹ̀ nìkan ló fi kún un, ojú á sì rí i bíi pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kì í ṣe ti ìlà rárá. Fóònù sábà máa ń ya fídíò ní fírémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá jù ú sínú iṣẹ́ tó jẹ́ 25, ọ̀kan nínú fírémù mẹ́fà mẹ́fà á ṣòfò, mọ́tò tó ń kọjá lórí afárá á sì máa fò ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí graph tó lè wo èyí sàn. Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ pinnu iye kan kí gbogbo kámẹ́rà ọjọ́ náà sì dúró lé e.

Oòrùn Èkó náà ń dá kún un. Lọ́sàn-án gangan, fóònù á dín àkókò tí shutter, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, fi ń ṣí kù gan-an, fírémù kọ̀ọ̀kan á wá mọ́ gaara bíi fọ́tò, ọwọ́ oníjó á sì máa já ní gígé-gígé. Ní fírémù 25, 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá ni mo máa ń fi sí, kí ọwọ́ tó ń sáré lè ṣe bàìbàì díẹ̀ bí ojú ṣe ń rí i. Ó tún bá iná mànàmáná wa mu, torí 50 Hz ni ti wa, gílóòbù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú nínú fídíò. Ẹ ra gíláàsì ND dúdú tí wọ́n ń fi bo ojú kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù. Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń gbé náà nílò bàìbàì yẹn: ní After Effects, ẹ tan Motion Blur. Ní Premiere, ẹ lo Transform dípò Motion, ẹ yọ àmì kúrò níbi Use Composition's Shutter Angle, kí ẹ sì kọ 180 síbẹ̀.