97% tí ẹ rí yẹn kì í ṣe máàkì

Ní Ìkòròdú níbí, àríyànjiyàn lórí fíìmù kì í tán nílẹ̀. Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń kó fíìmù sórí fúláàṣì ní Sábó, ẹ ó gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan á na fóònù sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo tòmátò pupa yìí, 97%! Ṣé ẹ wá mọ̀ ju àwọn tó fún un ní máàkì lọ ni?" Ẹ̀gbọ́n á ní òun wò ó tán, òun ò rí ohun tó tó 97 níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti gbà pé máàkì ni, bíi ti ìdánwò. Kì í ṣe máàkì rárá.

Rotten Tomatoes, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, ló ni tòmátò yẹn. Wọ́n ń kó ohun tí àwọn alárìíwísí kọ nípa fíìmù kan jọ, wọ́n á sì pín in sọ́nà méjì péré: ẹni tó ní ó dára, àti ẹni tó ní kò dára. Ìdá àwọn tó ní ó dára nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bó bá tó 60%, tòmátò pupa. Bí kò bá tó o, tòmátò aláwọ̀ ewé tó ti fọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn mẹ́wàá. Wọ́n wo fíìmù kan, kálukú fún un ní 6 nínú 10: ó ṣeé wò, kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ti ní kò burú, 100% ni yóò gbà. Wọ́n wá wo òmíràn. Méje nínú wọn fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, wọ́n fún un ní 10. Mẹ́ta kò fẹ́ rí i sójú, wọ́n fún un ní 3. 70% lèyí máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ro máàkì wọn pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́wàá: 6 ni ti àkọ́kọ́, 7.9 ni ti èkejì. Èyí tí ìdá rẹ̀ kéré ló gba máàkì tó pọ̀ jù!

Pé ọ̀pọ̀ fohùn ṣọ̀kan ni 97% ń sọ. Bí fíìmù náà ṣe dára tó, kò sọ ìyẹn. Ó ká mi lára gan-an, torí fíìmù tó bá dán ohun tuntun wò ló sábà máa ń pín àwọn èèyàn níyà, ìdá rẹ̀ á sì wálẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni á máa gun òkè.

Citizen Kane, tó jáde lọ́dún 1941, wà ní 100% fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 2021, wọ́n rí àríwísí àtijọ́ kan látinú ìwé ìròyìn Chicago Tribune, tí ẹni tó kọ ọ́ kò gbádùn fíìmù náà. Wọ́n kà á mọ́ ọn, ó di 99%. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún! Kò sí àwòrán kan tó yí padà nínú fíìmù náà.

Metacritic, ìkànnì mìíràn tó jọ ọ́, ní tiwọn máa ń sọ àríwísí kọ̀ọ̀kan di máàkì nínú 100, wọ́n á wá wá ìwọ̀n àárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn alárìíwísí kan sì máa ń wúwo ju tàwọn mìíràn lọ. Ìyẹn ló sún mọ́ máàkì díẹ̀.

Owó náà tún yàtọ̀. Inú wa dùn ní Ìkòròdú nígbà tí A Tribe Called Judah ti Funke Akindele, ọmọ ìlú wa, di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Iye èèyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn ń sọ. The Shawshank Redemption kò pa owó gidi ní sinimá lọ́dún 1994, síbẹ̀ òun làwọn òǹwòran dìbò gbé sókè jù lórí IMDb, ìkànnì tí àwọn òǹwòran ti ń fún fíìmù ní máàkì, lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkìkí fíìmù kan tọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ wo iye àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀: 100% lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ kò lè rí bíi 96% lọ́wọ́ 300. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ kọ, kí ẹ wò ó bóyá ohun tó bí i nínú á bí ẹ̀yin náà nínú. Ní ti fíìmù Yorùbá tí kò ní tòmátò kankan, àwọn alárìíwísí tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ni kò tíì kọ̀wé tó nípa rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lẹ́jọ́.