Owó láísẹ́ńsì: owó tí ẹ kò lè rí bí ẹ bá tú ẹ̀rọ géèmù

Tí ẹ bá tú dráìfù inú ẹ̀rọ géèmù, ẹ ó bá mọ́tò tó ń yí àwo, lẹ́ńsì tí kò tó ojú ẹja, àti lésà tó ń tanná sí abẹ́ àwo. Owó ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ tiẹ̀ tú síkúrúù tó kẹ́yìn, ẹ kò ní rí owó láísẹ́ńsì.

Láísẹ́ńsì ni àṣẹ tí iléeṣẹ́ kan ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ìmọ̀ kan kó tó lè lò ó. Blu-ray, irú àwo tí wọ́n ń kó fíìmù àti géèmù sí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan: Sony, Panasonic, Philips àtàwọn mìíràn ni wọ́n jọ pilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ òun máa gbé fíìmù Blu-ray gbọ́dọ̀ sanwó ìmọ̀ wọn, kó tún san ti AACS, àgádágodo tó ń dí àwọn tó ń ṣe àdàkọ lọ́wọ́.

Xbox àkọ́kọ́, ẹ̀rọ géèmù Microsoft tó jáde ní 2001, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Dráìfù DVD wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ kò lè ti àwo fíìmù bọ̀ ọ́ kó gbé e. Lésà tó ń ka géèmù lè ka fíìmù dáadáa. Àṣẹ ni kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù á lọ ra rìmóòtù lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni Microsoft ti ń rí owó láísẹ́ńsì yọ. Mo gba tiwọn: ta ló yẹ kó sanwó fíìmù tí kò wò? Nintendo ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dá a láṣà. Wii U, ẹ̀rọ géèmù wọn, kò gbé fíìmù DVD tàbí Blu-ray, owó ìmọ̀ ọ̀hún sì wà lára ìdí tí ọ̀gá wọn nígbà náà, Satoru Iwata, sọ.

Owó irinṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré nígbà tí ìmọ̀ bá ṣì tuntun. Lésà búlúù tí PS3, ẹ̀rọ géèmù Sony, fi ń ka Blu-ray wọ́n gógó ní 2006, kò sì pọ̀ tó, débi pé Yúróòpù dúró di March 2007 kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ náà rà.

Ní 2020, PS5 tó ní dráìfù jẹ́ dọ́là 499, èyí tí kò ní in jẹ́ 399. Ẹ má rò pé dráìfù nìkan ló jẹ ọgọ́rùn-ún dọ́là yẹn. Ẹni tí kò ní dráìfù kò lè ra àlòkù àwo géèmù, orí ẹ̀rọ nínú ìsọ̀ Sony ni yóò ti máa ra géèmù, ibẹ̀ ni Sony ti ń rí owó padà. Nígbà tó di 2023, Sony ń ta dráìfù lọ́tọ̀ fún PS5 tuntun tí kò ní in, ní nǹkan bí ọgọ́rin dọ́là. Tí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà láti ka àwo.